Ẹni Tó Wà Nídìí Ẹ̀rọ: Báǹkì, Ọgbọ́n Àtọwọ́dá àti Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Wọn Kì Í Dókè

Ó pẹ́ tí báǹkì ti ń dá ẹjọ́ ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1894, àwọn oníṣòwò òyìnbó tó ń kó ọjà gba ojú omi ni wọ́n tìtorí wọn dá a sílẹ̀, ojú àwọn yẹn ni àwọn ọ̀gá báǹkì náà sì fi ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé. Adúláwọ̀ lè kówó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á fi tẹ̀rín-tọ̀yàyà gbà á. Bó bá wá yáwó, ọ̀rọ̀ á di ìwé ilé, ìwé ìṣirò owó, àti orúkọ ẹni tí ọ̀gá báǹkì mọ̀. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà kò tó ohun ìdúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí oníṣòwò kan fi ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ èkejì láti Ìjẹ̀bú dé Ìbàdàn kò já mọ́ nǹkan kan nínú ìwé wọn. Ìbínú sí irú ìwà yìí wà lára ohun tó mú kí Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933. Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn kò mọ ìṣirò. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí wọn kò ní ni ẹnì kan nínú ọ́fíìsì tó mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò Ìjẹ̀bú ṣe wúwo tó, tó sì lẹ́nu láti sọ ọ́ kí ọ̀gá gbọ́.

Lónìí, báǹkì ń ya ọ̀rọ̀ méjì nípá tí kò yẹ kó pínyà. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, owó gọbọi ni wọ́n sì ń ná lé e lórí. Ọ̀rọ̀ pé kí obìnrin, akanda ẹ̀dá, ọmọ ìlú kékeré àti ẹni tí kò jáde ní yunifásítì olórúkọ rí àyè níbi iṣẹ́ ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: wọ́n á wọ aṣọ àlùkò ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń dá ẹjọ́ ní báǹkì kò lè mọ̀ ju ohun tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ fún un láti mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ kò lè hàn bí ẹni tó rí i kò bá lẹ́nu láti sọ pé ó ti ṣì í. Iṣẹ́ olórí báǹkì kọjá kó fọwọ́ sí owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ. Òun ni yóò pinnu ẹni tí yóò dúró tì í, àti ohun tí ojú ẹni tó bá ta kò ó yóò rí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ẹ̀rọ yìí pọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lè pa ènìyàn lára. Ní 2017, ìròyìn kàn pé JPMorgan Chase ní Amẹ́ríkà ti ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní COIN, tó ń ka ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó àwọn ilé iṣẹ́, iṣẹ́ tó ń gba àwọn agbẹjọ́rò àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó ní nǹkan bíi wákàtí 360,000 lọ́dún tẹ́lẹ̀. Báǹkì yìí kan náà ti fi irú ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé, tó sì ń ṣàkópọ̀ ìwé, sọ́wọ́ nǹkan bí 200,000 òṣìṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Jamie Dimon, ọ̀gá àgbà wọn, fi ọgbọ́n àtọwọ́dá wé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti iná mànàmáná nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn onípìn-ín ní 2024. Ní Nàìjíríà, UBA gbé Leo jáde ní oṣù Kìíní 2018, Ecobank ní Rafiki, Zenith ní ZiVA. Oníbàárà á bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á sọ iye tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀, wọ́n á bá a ra káàdì ìpè. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, inú á bí ènìyàn díẹ̀, á tún un tẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ owó, tó lè rí i pé owó tó wọlé lánàá kò jọ ti tẹ́lẹ̀, tó sì dí àkáǹtì aláta ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó tún yàtọ̀ pátápátá sí ẹ̀rọ tó ń pinnu ẹni tí yóò rí owó yá, iye tí yóò rí, àti èlé tí yóò san lórí rẹ̀. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni mo ní lọ́kàn, nítorí pé bí wọ́n bá ṣì í, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè má mọ̀ láéláé pé wọ́n ṣẹ òun.

Bí ẹ̀rọ tó ń dá ẹjọ́ ẹ̀yáwó ṣe ń kọ́ṣẹ́ kò ṣòro láti yé. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹni tó ti yáwó rí síwájú rẹ̀, ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè sálọ, á wá máa wá ohun tó jọra láàárín àwọn tó san. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti wọlé. Ẹni tí wọn kò yá lówó rí kò lè ní àkọsílẹ̀ pé ó san án. Ìyá aláṣọ ní Gbági tó ti ń dá àjọ láti ogún ọdún láìjẹ gbèsè ẹnì kankan kò sí nínú ìwé tí ẹ̀rọ ń kà. Lójú ẹ̀rọ náà, àjèjì ni. Ìwádìí tí EFInA, àjọ tó ń wádìí bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń rí ètò ìṣúná lò, ṣe ní 2023 sọ pé nǹkan bí 64 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ń lo ètò ìṣúná tí ìjọba mọ̀ sí, pé nǹkan bí 10 gbára lé àjọ, èsúsú àti irú wọn nìkan, pé 26 kò sì sí nínú èyíkéyìí. Ó túmọ̀ sí pé bí báǹkì bá sọ pé àkọsílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ni òun fi kọ́ ẹ̀rọ òun, apá kan nínú ọmọ Nàìjíríà ló ń sọ. Kò sí ọgbọ́n ìṣirò tó lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ hàn. Ènìyàn ló lè sọ pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀, ẹni tó sì máa tètè sọ ọ́ ni ẹni tó bá ti inú ilé irú ìyá bẹ́ẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí àṣìṣe irú ẹ̀rọ yìí ti gbà hàn sáyé. Joy Buolamwini, ọmọ Gánà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀, ẹ̀rọ náà kò rí ojú rẹ̀ àfi ìgbà tó gbé ìbòjú funfun wọ̀. Òun àti Timnit Gebru, tí wọ́n bí ní Ethiopia, dán ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, IBM àti Microsoft wà lára wọn. Àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2018: lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34.7. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Buolamwini àti Ìníolúwa Deborah Raji, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, fi ẹ̀rọ Amazon kún un, òun náà sì ṣe bákan náà. Amazon kọ́kọ́ jiyàn. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2020, ó ní kí àwọn ọlọ́pàá sinmi lílo ẹ̀rọ náà fún ọdún kan. IBM ní tirẹ̀ jáwọ́ nínú títa irú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún báǹkì hàn kedere, nítorí pé irú ẹ̀rọ báyìí ló ń wo ojú ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì lórí fóònù báyìí, tó ń fi í wé àwòrán inú BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì, tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ wa láti 2014. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ní owó, wọ́n ní onímọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì ní gbogbo ọ̀nà láti dán iṣẹ́ wọn wò. Síbẹ̀, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ló rí ohun tó wà lójú táyé. Wọ́n rí i nítorí pé ara wọn ló ń ta.

Àtakò tó le jù lọ sí èrò yìí ni pé ẹ̀rọ ṣì sàn ju ènìyàn lọ. Ẹni tó bá ti wá owó yá ní báǹkì mọ ohun tí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní lọ́kàn. Ẹ̀rọ kì í bèèrè pé ta ló rán ọ wá. Kì í gba ẹ̀gúnjẹ, kì í wo bàtà ẹsẹ̀ ènìyàn, kì í sọ fún obìnrin pé kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Ẹ̀rí tún wà nílẹ̀ fún àtakò yìí. Robert Bartlett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì California ní Berkeley yẹ owó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń yá láti fi ra ilé wò. Wọ́n rí i pé èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn Adúláwọ̀ àti àwọn ọmọ Látìnì ga ju ti àwọn ẹlòmíràn tí ipò wọn jọra lọ, àmọ́ níbi tó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ìyàtọ̀ náà fi nǹkan bí 40 nínú 100 dín sí ti ibi tí ènìyàn ti ń fojú kojú. Mo gba ẹ̀rí yìí tọkàntọkàn. Ẹni tó bá ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó àtijọ́ ní onídàájọ́ òdodo kò tíì pàdé wọn.

Àmọ́ kí la máa sọ nípa 60 tó kù? Ẹ̀rọ tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni ṣì ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ Adúláwọ̀. Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà rò pé ó bá a mu ni pé ẹ̀rọ ti mọ irú ẹni tí kì í nájà káàkiri kó tó sanwó, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fowó lé e. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ kó kórìíra ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó pa owó wọlé, ó sì rí ibi tí owó ti rọrùn jù láti pa: lára ẹni tí báǹkì méjì péré wà ní àdúgbò rẹ̀, lára ẹni tí kò lẹ́bí kankan tó ti yáwó ilé rí tó lè gbà á nímọ̀ràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ, pé ẹ yọ ìran àti ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo kúrò nínú fọ́ọ̀mù, ẹjọ́ á tọ́, kò fi rí bẹ́ẹ̀. Irú fóònù tí ènìyàn ń lò, àdúgbò tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe, wákàtí tó máa ń ra káàdì, gbogbo wọn ló ń sọ ohun tí wọ́n ti yọ. Ní ti Nàìjíríà, orúkọ lásán ti sọ ìlú, ẹ̀sìn àti ẹ̀yà. Ohun tí yíyọ náà tún ń ṣe ni pé ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, nítorí pé báǹkì tí kò mọ iye obìnrin tó wá yáwó kò lè mọ̀ bóyá òun ń rẹ́ wọn jẹ.

Ọ̀rọ̀ Apple Card, tí Goldman Sachs ń yáwó lé lórí, tọ́ sí ibi yìí, ó sì dára kí a sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an nítorí pé àwọn tó ń ronú bíi tèmi máa ń sọ ìdajì rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2019, David Heinemeier Hansson, gbajúmọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìlọ́po ogún iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìyàwó òun ni wọ́n fọwọ́ sí fún òun, bẹ́ẹ̀ owó orí àwọn méjèèjì àpapọ̀ ni wọ́n jọ ń san. Steve Wozniak, tó wà lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ní ti òun náà jọ bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó ètò ìṣúná ní ìpínlẹ̀ New York yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí 400,000 ènìyàn wò, wọ́n sì sọ ní oṣù Kẹta 2021 pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé wọ́n rẹ́ obìnrin jẹ lọ́nà tó rú òfin. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, àjọ yìí kan náà bá báǹkì wí lórí bí wọn kò ṣe ṣàlàyé ara wọn àti bí wọn kò ṣe dá oníbàárà lóhùn bó ti yẹ. Nígbà tí ìyàwó ọkùnrin yìí bèèrè ìdí, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rí sọ ni pé ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Fún mi, ibẹ̀ ni àléébù wà. Báǹkì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣàlàyé ẹjọ́ tí ó dá, bí ẹjọ́ náà tiẹ̀ tọ́, ti gbé agbára rẹ̀ fún ohun tí kò ní ojú tí yóò tì.

Ibi tí mo ti rí ẹ̀rí tó gbè mí lẹ́yìn jù ni ọ̀rọ̀ ohun tí a máa kà sí àkọsílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù láìfi falẹ̀ kì í sábà rí oore kankan jẹ nínú ìwé àwọn tó ń díwọ̀n ẹni tó ṣeé yá lówó, ẹni tó ń san gbèsè ilé tó rà sì ń jẹ oore náà. Àwọn aṣíwọ̀lú àti tálákà sì pọ̀ nínú ayálégbé. Ní 2018, Abbey Wemimo, ọmọ Èkó, àti Samir Goel, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Íńdíà, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń gbé ìròyìn owó ilé tí wọ́n ti san lọ fún àwọn tó ń ṣe ìwọ̀n náà. Esusu ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2022, iye tí wọ́n dá lé e ti tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Owó ilé tí wọ́n ń lò yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Gbogbo báǹkì ló mọ̀ pé ayálégbé ń sanwó. Ẹni tó dàgbà níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi èsúsú ra ilẹ̀, tó mọ̀ pé ẹni tí kò ní ìwé kankan lè jẹ́ olóòótọ́ ju ẹni tó ní i lọ, ni ọ̀rọ̀ náà jọ lójú. Báǹkì tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ti sọ bílíọ̀nù kan nù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi owó sọ ọ́, nítorí àwọn tó gbà pé àánú ni ọ̀rọ̀ fífàyè gba gbogbo ènìyàn.

Nínú ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Commonwealth Bank ní Australia ní 2025 yẹ ní kíkà fún gbogbo ọ̀gá báǹkì. Ní oṣù Keje, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìpè ti gba iṣẹ́ àwọn 45 kan ṣe, pé ìpè tí ènìyàn ń gbé ti fi 2,000 dín lọ́sẹ̀, kí àwọn 45 náà máa lọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ta kú. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ìpè ń pọ̀ sí i ni, pé àwọn tó kù ń ṣe àṣekún iṣẹ́, kódà pé àwọn ọ̀gá kéékèèké ti ń gbé fóònù fúnra wọn. Ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn tó ń parí aáwọ̀ níbi iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, báǹkì tọrọ àforíjì, ó gbà pé òun kò wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì ní kí àwọn 45 padà bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ wò ó pé àwọn tó wà lókè ní ìròyìn lórí tábìlì, àwọn tó wà nídìí fóònù ní òótọ́ lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀nà tí òótọ́ fi gòkè àfi nípasẹ̀ ìjà. Piyush Gupta, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà báǹkì DBS ti Singapore nígbà náà, sọ ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà pé iṣẹ́ bí 4,000 máa dín kù láàárín ọdún mẹ́ta nítorí ọgbọ́n àtọwọ́dá. Gbogbo 4,000 náà, iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ àti ti kọ́ńtíráàtì ni.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ dé ilé wa. Ní báǹkì Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó sí káńtà, tó ń gbé ìpè, tó ń dúró sí ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì náà rárá. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n, tó sì yá báǹkì wọn. Àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà ń sunkún sí lọ́rùn nígbà tí ẹ̀rọ bá dí àkáǹtì rẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í fẹ́ràn àwọn tó ń gba owó ọjà lọ́wọ́ ogún ènìyàn lóòjọ́, tàbí pé kì í dá ojú arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká mọ̀. Kò sí àlàfo kankan nínú iṣẹ́ wọn tí wọ́n lè fi ìmọ̀ yẹn sí. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ọ̀gá lè ní wọ́n ń ráhùn. Ẹni tó sì wà lókè wọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi ní táàgẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, iye owó tó gbọ́dọ̀ wá kó wọlé kí oṣù tó parí, kò ráyè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ fi ti ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kún un. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ àṣà tí ọmọdé kò ti lè sọ fún ọ̀gá pé 'ẹ jọ̀wọ́ sà, nǹkan yìí ń ṣì í' ti di ewu ní ọjọ́ tí nǹkan náà bá ń dá ẹjọ́ mílíọ̀nù kan lóru ọjọ́ kan. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó kan tó burú á ba ẹ̀ka kan jẹ́. Ẹ̀rọ kan tó burú ń ba gbogbo ẹ̀ka jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìpariwo.

Àwọn kan á bi mí pé kí la tún ń fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, nígbà tó jẹ́ pé báǹkì Nàìjíríà ti ṣe ju ti òyìnbó lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 2012, ètò tí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, àti àwọn báǹkì jọ fẹnu kò lé lórí ní kí obìnrin tó 30 nínú 100 nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, kí wọ́n sì tó 40 láàárín àwọn ọ̀gá àgbà, kó tó di 2014. Ní 2020, Ìrètí Samuel-Ogbu di ọ̀gá Citibank Nàìjíríà. Nneka Onyeali-Ikpe gba Fidelity ní 2021, Yẹmisí Ẹdun gba FCMB, Miriam Olúsànyà gba GTBank, Adaora Umeoji sì di ọ̀gá àgbà Zenith ní oṣù Kẹfà 2024. Wall Street ní Amẹ́ríkà kò ní obìnrin kan lórí báǹkì ńlá rẹ̀ títí Jane Fraser fi dé Citi ní 2021. Ohun ìwúrí ni, mi ò sì fẹ́ bù ú kù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sórí àga tó ga jù. Ọ̀gá àgbà kì í yan àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe òun ló ń pinnu pé ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó iye báyìí kò ní rí owó. Ìpinnu yẹn máa ń wáyé nínú yàrá kékeré, láàárín àwọn onímọ̀ mẹ́fà tàbí méje, nígbà mìíràn ní ilé iṣẹ́ tí báǹkì ti ra ẹ̀rọ lókè òkun. Obìnrin tó wà lókè wúlò fún èyí bó bá ń lo àga rẹ̀ láti bèèrè ẹni tó wà nínú yàrá yẹn. Bí kò bá bèèrè, ọkùnrin tàbí obìnrin, bákan náà ló rí.

Àtakò mìíràn ti Amẹ́ríkà wá. Láàárín oṣù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, Goldman Sachs pa òfin rẹ̀ tì pé òun kò ní bá ilé iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì ọkùnrin aláwọ̀ funfun gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sí ọjà, Citi yọwọ́ nínú iye tó ń lé lórí irú ènìyàn tí òun yóò gbà, JPMorgan sì yí orúkọ ètò fífàyè gba gbogbo ènìyàn tirẹ̀ padà. Kò sí èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ṣé a kò wá lè sọ pé àṣà ìgbà lásán ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn gan-an sì ni àléébù ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n so ó mọ́ orúkọ rere, wọn kò so ó mọ́ iṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ kò nílò orúkọ kankan. Báǹkì tó ń yáwó fún àwọn alágbàtà ọjà Bódìjà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ bí owó ọjà Bódìjà ṣe ń yí, kó sì fún un láṣẹ lórí ẹ̀rọ. Ìjọba tó bá lòdì sí ìyẹn lòdì sí iṣẹ́ báǹkì fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo rò pé báǹkì wa máa kọ́kọ́ fi hàn bóyá ó yé wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba Nàìjíríà àti ilé iṣẹ́ Awarri gbé N-ATLAS jáde, ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì tó ní ohùn ọmọ Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni sì lè mú lò. Ìlẹ̀kùn ńlá nìyẹn fún ìyá tí kò mọ̀wé kà, tí gbogbo iṣẹ́ báǹkì ti di ohun tí ọmọ-ọmọ ń bá a tẹ̀ lórí fóònù, tí ọmọ-ọmọ náà sì mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ tipátipá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá báǹkì sọ̀rọ̀ bí ìwé ṣe kọ ọ́. Ará Èkìtì á sọ tirẹ̀ bí ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀bú á sọ tirẹ̀, gbogbo wọn á sì da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn pé 'owó mi ti hang láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n debit mi, wọn ò credit ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí'. Àwọn tó mọ gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà sọ gbólóhùn yìí ni àwọn tó ń gbé ìpè. Bí báǹkì bá fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá oníbàárà rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni olùkọ́ wà. Ohun tó sì ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀ láìsọ fún wọn, wọ́n á fi kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á wá ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Òfin lè ràn wá lọ́wọ́ níwọ̀nba. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 sọ, ní abala 37, pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má dá ẹjọ́ tó kan ìgbé ayé rẹ̀ gidigidi, àyàfi ní àwọn ipò kan. Níbẹ̀ náà, ó ṣì lè ní kí ènìyàn dá sí i, kó sì ta ko ẹjọ́ náà. Òfin ọgbọ́n àtọwọ́dá tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé jáde ní 2024 le jù bẹ́ẹ̀: ó ka ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ẹni tó ṣeé yá lówó, àti èyí tó ń yan òṣìṣẹ́, mọ́ àwọn tí ewu wọn ga, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa mójú tó. Àmọ́ òfin tó ní kí ènìyàn wà níbẹ̀ kò lè sọ irú ènìyàn tó yẹ kó jẹ́. Báǹkì lè fi ọmọ ogún ọdún kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kó máa tẹ 'mo gbà' sí ẹjọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lóòjọ́, kó sì ní òun ti tẹ̀ lé òfin. Ọmọ náà kò mọ ohun tó ń wá, kò láṣẹ, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ń dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á wá ẹlòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ibi tó yẹ kí wọ́n ti bá àwọn olórí báǹkì sọ̀rọ̀ ni ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín. Láti ìgbà tí CBN ti ní kí báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní ₦500 bílíọ̀nù gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀, kí wọ́n sì parí rẹ̀ kó tó kọjá 31 oṣù Kẹta 2026, ọ̀pọ̀ báǹkì ti ta ìpín fún gbogbo ènìyàn: olùkọ́, awakọ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti di olówó báǹkì, wọ́n sì lè dìde. Kí wọ́n bèèrè iye obìnrin tó wá yáwó lọ́dún tó kọjá, iye tó rí i, àti èlé tí wọ́n san ní ìfiwéra pẹ̀lú ti ọkùnrin. Kí wọ́n bèèrè iye àkáǹtì tí ẹ̀rọ dí tó wá hàn lẹ́yìn náà pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, àti ọjọ́ mélòó tó gbà kí wọ́n tó ṣí i. Kí wọ́n bèèrè bóyá òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní ọ̀nà tó lè gbà ròyìn àṣìṣe ẹ̀rọ tí kò ní gba ọwọ́ ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ. Alága á dáhùn pé ètò ti wà, pé ẹ̀rọ wọn bá ti òkè òkun dọ́gba. Kí wọ́n má tíì jókòó. Kí wọ́n bèèrè ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan dá ẹ̀rọ náà dúró kẹ́yìn, irú ipò tí òṣìṣẹ́ náà wà, àti bóyá ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.